Kòkó, ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ata: ìfiwéra fún ẹni tó ní nọ́sìrì ní Àkúrẹ́ nígbà ọ̀dá owó

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, mo dúró láàárín àwọn ọmọ kòkó tó kù ní nọ́sìrì mi, ibi tí mo ti ń tọ́ ọmọ igi tà, lẹ́bàá Ọba-Ilé, mo sì fa ọ̀rá kan, irú èyí tí a ń kún iyẹ̀pẹ̀ sí láti gbin ọmọ igi, sókè kí n lè wo ìdí rẹ̀. Kò wá. Mo tún fà á, mo sì gbọ́ ìró kan wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fa àkísà ya. Olórí gbòǹgbò ti dá ìdí ọ̀rá lu, ó ti wọ ilẹ̀ lọ, èmi ni mo sì já a yẹn. Ewé rẹ̀ ṣì ń tàn yọ̀yọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti rọ. Irú rẹ̀ 7,600 ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó tí mo yá ni mo sì fi gbìn wọ́n.

Bí mo ṣe bọ́ sínú rẹ̀ rèé. Ní ọdún 2024, owó kòkó fò sókè lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, tọ́ọ̀nù kan ti kọjá dọ́là 12,000 ní New York. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló ń wá ilẹ̀ kòkó lọ sí Ìdànrè. Ọmọ kòkó 9,000 tí mo gbìn lọ́dún yẹn kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó tán, àwọn kan tiẹ̀ bá mi jà pé n kò fi tiwọn pamọ́. Ni mo bá lọ yá owó, mo kún ọ̀rá 20,000. N kò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ lẹ́bàá omi ló ń ṣe ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí òjò ọdún 2025 dé, ọmọ kòkó ti kún ẹ̀bá títì láti Ọba-Ilé dé ọ̀nà Oǹdó, owó kòkó fúnra rẹ̀ sì ti ń wálẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì iye tó jẹ́ ní ìparí ọdún 2024.

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ gbìn, gbogbo owó tí mo bá fẹ́ yá, àti gbogbo oníbàárà tó bá ní kí n dúró de òun: bí owó kò bá dé lásìkò, báwo ni ọ̀gbìn yìí ṣe lè dúró dè mí tó, kí ni yóò sì máa jẹ lójoojúmọ́ tó bá fi dúró? Aláṣọ lè ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí títí ọjà á fi yá. Oníṣòwò ìṣó lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sílé. Ọjà tiwa ń dàgbà, ó ń mumi, ó sì ń darúgbó, yálà ìlú dùn tàbí kò dùn. Ohun tí mo rí nìyí nígbà tí mo fi wọ́n wé ara wọn:

| Ọ̀gbìn | Àkókò kó tó ṣeé tà | Iye tó ń wọ hẹ́kítà kan | Bí kò bá tà lásìkò |
|---|---|---|---|
| Kòkó | oṣù 5 sí 6 | 1,111 (mítà 3 sí mítà 3) | gbòǹgbò á dá ọ̀rá lu láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta |
| Ọ̀pẹ | oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ | 143 (mítà 9 síra wọn, ní onígun mẹ́ta) | ó lè dúró dé oṣù 18, àmọ́ ó ń jẹ omi àti ajílẹ̀ |
| Ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà | oṣù 3 sí 4 | 1,667 (mítà 3 sí mítà 2) | ẹ gbìn ín sílẹ̀ tiyín, yóò di ìyá |
| Ata, tòmátì | ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 | ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ń gbìn ín sí | ó ti bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì |
| Òdòdó àti igi ẹwà | oṣù 3 sí ọdún kan | a kì í fi hẹ́kítà wọ̀n ọ́n | ó lè dúró ju ọdún kan lọ |
| Ọsàn alálọ̀ọ́ (tí a lọ́ ojú igi kan mọ́ ìdí òmíràn) | nǹkan bí oṣù 18 | 278 (mítà 6 sí mítà 6) | ó ń dúró, ṣùgbọ́n owó yín ti há síbẹ̀ |

Kòkó àti ọ̀pẹ

Àwọn méjèèjì yìí làwọn èèyàn ń bi mí léèrè jù, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń ṣíwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà, ọ̀pẹ sì pọ̀ lápá Òkìtìpupa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kòkó. Hóró rẹ̀ kì í ṣeé tọ́jú. Tí ẹ bá ti la èso, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó gbọ́dọ̀ ti wọ inú ọ̀rá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti kú. Ìyẹn ni pé láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ni ẹ ó ti pinnu iye tí ẹ ó tà ní oṣù Karùn-ún sí Keje. Ẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ lórí iye tí kòkó máa jẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí i, ẹ kò sì mọ ohun tí ọlọ́jà New York yóò jí ṣe. Ibi tí kòkó ti dára ni pé kò gba owó púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Èso dáadáa láti ọ̀dọ̀ CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní TC1 dé TC8, iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ọ̀rá, àti ìbòji tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, ó tó.

Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa pín sí oríṣi méjì, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Oríṣi àkọ́kọ́ ni ẹni tó gbọ́ pé owó kòkó gbówó lórí, tó wá ra 5,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Tí owó kòkó bá já, ẹ ò ní rí i mọ́. Oríṣi kejì ni àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ ti gbó, tó ń fi 200 tàbí 300 rọ́pò igi tó ti kú lọ́dọọdún. Ẹni yìí kì í wò ó bóyá kòkó wọ́n tàbí ó pọ̀, torí bí kò bá rọ́pò igi, oko bàbá rẹ̀ yóò di igbó. Ó tún ní ohun mìíràn tó ń ti àwọn èèyàn síhà yẹn: àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin pé àwọn kò ní gba kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó lọ sókè òkun ti ń bi àgbẹ̀ pé níbo gan-an ni oko rẹ̀ wà. Oko àtijọ́ tí a tún ṣe ló ní ọ̀nà níwájú. Nínú 12,400 tí mo tà lọ́dún 2025, àwọn àgbẹ̀ olóko àtijọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù, ní 150, ní 200, ní 300.

Ọ̀pẹ yàtọ̀ pátápátá. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò nínú ọ̀rá kékeré, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú ọ̀rá ńlá. Ọ̀rá ńlá yẹn wọ́n, ó ń gba iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀, omi tó ń mu ní ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń rà á sì máa ń jẹ́ ẹni ńlá: iléeṣẹ́, olóṣèlú, ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe ń dé lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ṣe ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ kan fi ẹnu lásán ní kí n gbin 6,000 fún àwọn, wọn kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo bẹntiróòlù kan gbéra láti abẹ́ náírà 200 dé òkè 500, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní iléeṣẹ́ náà ní àwọn ti dá oko dúró ná. Mo ké. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ní sùúrù tí kòkó kò ní. Mo gé ewé rẹ̀ dínkù, mo fi àyè sáàárín wọn, mo sì ń tà wọ́n ní 50, ní 100, títí wọ́n fi pé oṣù 18. Ó jẹ omi mi, ó jẹ ajílẹ̀ mi, èrè mi fò lọ, ṣùgbọ́n ojú owó mi padà.

Ẹ kíyè sí ewu kan nínú ọ̀pẹ tó máa ń wá nígbà tí owó bá wọ́n. Irúgbìn ẹ̀yà ọ̀pẹ Tenera tó ti hù láti ọ̀dọ̀ NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba, lẹ́bàá Benin kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹnìkan á sì wá sọ fún yín pé òun lè ṣa èkùrọ́ Tenera lábẹ́ igi nínú oko ẹnìkan fún yín ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má gbà. Tenera ni ọmọ ẹ̀yà ọ̀pẹ méjì, Dura àti Pisifera. Tí ẹ bá gbin hóró tí Tenera fúnra rẹ̀ so, tí Tenera mìíràn sì fún un ní àtíkè òdòdó, nínú mẹ́rin, ẹ ó rí méjì tó jẹ́ Tenera, ọ̀kan á padà di Dura tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, ọ̀kan á di Pisifera, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í so èso tó dára. Oníbàárà yín kò ní mọ̀ títí di ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ni gbogbo Òkìtìpupa máa gbọ́.

Lójú tèmi, ní ìgbà ọ̀dá, ẹni tó bá ní àwọn àgbẹ̀ oko àtijọ́ tó ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó gbin kòkó níye tí wọ́n lè rà. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀, kí ẹ má ṣe kún ọ̀rá ńlá kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹnìkan ti san ìdajì owó rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó gbà mí

Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló san gbèsè kòkó mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà á sí iṣẹ́ nọ́sìrì, torí àgbẹ̀ máa ń lọ wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a wú bẹ́ẹ̀ máa ń gbé kòkòrò àti aràn gbòǹgbò wá, wọn kì í sì í pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ gbin hẹ́kítà kan nílò 1,667.

Báyìí ni mò ń ṣe é. Mo máa ń wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, mo gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ bó ara rẹ̀ títí ó fi funfun. Ibi tó bá dúdú tàbí tó ní ihò, ẹ gé e kúrò; tí ihò bá pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, mo dì wọ́n sínú àpò, mo rì wọ́n sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń ka iye náà sókè, tó bá ti pe ọgbọ̀n, mo ti fà á jáde. Tí ó bá tutù, màá ṣí àwọn ìdí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú ìdàgbà àárín á fi hàn, màá fi ọ̀bẹ là á ní àgbélébùú. Tí ẹ kò bá là á, ojú kan náà ni yóò hù. Tí ẹ bá là á dáadáa, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á jí. A ó wá rì í sínú ìyẹ̀ pákó láti sọ́míìlì, a ó fi ọ̀rá funfun bò ó kí ooru mú un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ á ti máa yọ. Ìdí kan lè fún yín ní mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó yọ wọ́n sínú ọ̀rá kékeré, ẹ ó tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lábẹ́ ìbòji.

Ìyẹ̀ pákó yẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún mi. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, láti inú oko mi ni. Owó tí mo ń ná kò ju ti ọ̀rá àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìlú bá le, ẹni tó pàdánù iṣẹ́ fẹ́ ohun tí yóò so kíákíá. Agbagbà máa ń so láàárín oṣù 9 sí 12, ó sì rọrùn láti tà ní Ọjà Ọba tàbí ní Ògbèsè. Èyí tí kò bá tà, mo gbìn ín sẹ́yìn nọ́sìrì, ọdún tó ń bọ̀ òun náà á máa bí ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ń gbìn, òun nìkan ni àìtà rẹ̀ kò tíì pa mí lára rí.

Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ kó o lé ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá rà á lóṣù Kejìlá tí kò ní omi, yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ni kò dára.

Àwọn yòókù

Ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì ni ọjà tó ń yára jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, owó ti dé. Tí ẹ kò bá tà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti pọ́n, ó ti gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n òfò rẹ̀ kì í ju ti àwo ìgbìn kan tàbí méjì lọ. Nígbà tí ata wọ́n lọ́jà, àwọn ìyá láti Ìjàpò ń wá ra igi mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹ̀yìnkùlé wọn. Owó kéékèèké ni, àmọ́ òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni irúgbìn inú agolo tó ń wá láti òkè òkun: bí dọ́là bá lọ sókè, òun náà lọ. Ata rodo tiwa-n-tiwa kò ní ìyọnu yẹn.

Òdòdó ni èèyàn kọ́kọ́ ń gé kúrò nínú ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé á ra símẹ́ǹtì, á ra páànù, á wá ní kí òdòdó dúró. Láti ọdún 2023, igi másíkóréèdì tí mo ń tà fún ilé tuntun ti dínkù gan-an. Síbẹ̀ n kò ní pa á tì, torí ẹ̀ka ixora tàbí croton tí mo bá gé lára ìyá rẹ̀ kò ná mi lówó, ó sì lè dúró nínú ọ̀rá ju ọdún kan lọ. Ní báyìí, mo ń fi wọ́n háyà. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí: mo kó ìkòkò òdòdó 30 lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo kó wọn padà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjà kan náà, mo ti tà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ṣì jẹ́ tèmi.

Ọsàn àti máńgòrò alálọ̀ọ́, ẹ parí èyí tó wà nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Oṣù 18 jìnnà jù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá.

Owó àsansílẹ̀ tàbí kí a gbìn ká máa wo ojú ọ̀nà?

Ẹni tó gbìn láìgba owó lè rí èrè ńlá ní ọdún tí ọjà bá yá, bí mo ṣe rí i ní 2024. Ẹni tó gba owó àsansílẹ̀ kì í rí irú èrè yẹn, torí ó ti fi iye kan mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo ìhà kejì: ní ọdún tí ọjà kò yá, ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń fa gbòǹgbò ya ní oṣù Kẹjọ.

Ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀ ní ewu tirẹ̀, pàápàá nígbà ọ̀wọ́n gógó. Ẹ ti gba ìdajì owó ní oṣù Kọkànlá, ẹ ti fi iye kan sílẹ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ọ̀rá àti ajílẹ̀ ti gbówó lórí. Ní ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó orí ọjà kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà. Ẹni tó tọ́jú owó àsansílẹ̀ sí báńkì lọ́dún yẹn, ó ń wo owó náà bó ṣe ń yọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé ọjọ́ tí owó bá wọlé ni mo ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ajílẹ̀ àti èso. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ẹ dì í, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ tí wọ́n á wá kó o, iye tó kù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn kò bá wá. Tèmi ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo lè tà á fún ẹlòmíì, màá sì dá ìyókù padà lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó ìtọ́jú. Kò sí ẹni tí mo kà á sí létí tó bínú. Ẹni tó bá bínú sí i, bóyá kò fẹ́ wá kó o náà ni.

Àwìn

Gbogbo wa la mọ àkọlé yẹn, «Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la», ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ kòkó, ẹni tí kò bá ta àwìn rárá yóò pàdánù àwọn àgbẹ̀ tó dára jù. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń gbìn, láti oṣù Kẹwàá ni owó kòkó ń dé. Àwìn tí mo ń tà kò ju ti ẹni tó ní oko kòkó tó ti ń so, tí mo sì ti rí oko náà fi ojú ara mi. Ẹni tó ń gbin kòkó fún ìgbà àkọ́kọ́, níbo ni yóò ti rí owó náà ní oṣù Kẹwàá? Igi rẹ̀ kò tíì ga tó orúnkún. Ojú àánú ló kó mi sínú èyí ní ìgbà méjì, mo sì ń gba owó náà díẹ̀díẹ̀ títí di òní.

Ibi tí a ti ń yá owó

Ẹ gbé e wò báyìí. Ẹ fẹ́ yá náírà 500,000 fún ọmọ kòkó 2,000. Ní ilé ìyáwó kékeré tó ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí gbogbo owó náà, oṣù mẹ́fà á fún yín ní èlé 150,000. Ìyẹn ni náírà 75 lórí igi kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ka omi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà nínú rẹ̀ ń gba ìdá 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 50,000, náírà 25 lórí igi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní yá yín ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti fi pamọ́, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti wọ̀ ọ́ kí ọ̀dá tó dé.

Iye èlé kọ́ ló kó mi sí wàhálà jù, bí kò ṣe àkókò sísan. Ilé ìyáwó tí mo lọ ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í san lóṣù kejì, kòkó mi kò sì lè di owó títí di oṣù kẹfà. Owó ata, owó òdòdó, owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sórí gbèsè kòkó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ata nìkan ni ẹ lè fi owó náà gbìn. Bí ó bá jẹ́ lóṣooṣù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbà á díẹ̀. Ti kòkó àti ọ̀pẹ, ẹ má yá owó fún un àyàfi níbi tí wọ́n bá gbà kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá tà. Báńkì ńlá ńkọ́? Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìdá 27 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ mọ̀ pé ohun tí báńkì máa gbà lọ́wọ́ wa á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yáwó orí fóònù tó fẹ́ kí ẹ san án padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un. Nínú ohun tí à ń gbìn, ata nìkan ló lè sún mọ́ ọn, òun pàápàá sì lè lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àjọ ló dára jù lójú mi, torí kò ní èlé, àmọ́ ẹ bẹ olórí àjọ pé kó fún yín ní oṣù Kọkànlá. Oṣù yẹn ni à ń ra ọ̀rá àti èso. Ẹni tó kó àjọ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ó máa ná an sí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Omi àti òṣìṣẹ́

N kò ní pẹ́ níbí. Kànga àti garawa gba ọwọ́, bọ́họ̀ọ̀lù àti jẹnẹrétọ̀ gba epo. Lẹ́yìn ọdún 2023, mo padà sí kànga fún ìdajì nọ́sìrì, mo mú ìbòji nípọn sí i, mo fi ìyẹ̀ pákó bo ojú ọ̀rá, omi tí wọ́n ń mu sì dínkù. Ẹni tó bá lè ra ẹ̀rọ amómi tó ń lo oòrùn, kó rà á nígbà tí owó wà, kó má ṣe yáwó rà á nígbà ọ̀dá. Ní ti òṣìṣẹ́, mo fi ẹni méjì sílẹ̀ lóṣooṣù, ìyókù ń gba owó lórí iye ọ̀rá tí wọ́n bá kún. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń lọ́ igi àti bí a ṣe ń la ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má jẹ́ kó lọ, bó ti wù kí nǹkan le tó. Ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ NAIC, iléeṣẹ́ ìdójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ó kan ọ̀gbìn tó ṣì wà nínú ọ̀rá.

Èyí tí mo yàn fún àsìkò tó ń bọ̀

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ 3,000, ata ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, òdòdó tó wà nílẹ̀, ọ̀pẹ 400 tí ẹnìkan ti san ìdajì rẹ̀, àti kòkó 4,000. Nínú 4,000 yẹn, wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún 2,900. Ìyókù jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ tí mo mọ ilé wọn.

Bàbá kan wá láti Ìdànrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó so owó mọ́ inú ọ̀rá, ó ní, «Ìyá Nọ́sìrì, ọ̀ọ́dúnrún péré ni mo fẹ́ o. Igi tó kú ni mo fẹ́ fi rọ́pò.»

Mo ní, «Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé kí n kọ orúkọ yín sílẹ̀?»

«Kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ owó náà síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ní n kò san.»

Mo fi ìdá mẹ́wàá kún 4,000 fún èyí tí kò ní hù, ó di 4,400. Tí èso kan bá ní hóró 35, èso 126 ló máa tó. Mo ní kí wọ́n kó 130 wá. Ẹni tó ń kó wọn wá pè mí lánàá pé òun lè fi 200 sí i láwìn, pé kí n san án nígbà tí mo bá tà. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ lórí igi.